Bí Mo Ṣe Mú Ìyálé Aya Mi Lọ sí Akaka

Ẹ̀yin ará Ìṣẹ́yìn, mo ti dé o. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ oríṣiríṣi lẹ́yìn mi. Àwọn kan ní wọ́n ti mí mọ́lé ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, àwọn kan ní mo ti di alóbì, ẹnì kan tilẹ̀ ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi kẹ́dùn. Mi ò kú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe jẹ́ kó fìdí lélẹ̀, nítorí èmi ni mo lọ, èmi ni mo bọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Wolé-wolé ni mí. Èmi ni mo máa ń ṣí àmù yín wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń pàṣẹ pé kí ẹ ro ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé ní gbogbo àsìkò tí mo ń tojú bọ ilé onílé kiri yìí, alùpùpù ni mo ń gbé sùn nínú yàrá tèmi.

Bàbá mi ló ni alùpùpù náà kó tó kú. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù olè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tì í wọlé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí mo ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí Fọlákẹ́ ìyàwó mi fẹ́ gbé àpótí aṣọ rẹ̀ sí. Ó ń jò. Kabúrétọ̀ rẹ̀ ni, ìyẹn kiní kékeré tó ń gba epo láti inú táńkì kó tó fún ẹ́ńjìnnì mu. Abọ́ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí epo máa ń dúró sí. Bí epo bá ti ga ju bó ṣe yẹ lọ nínú abọ́ yìí, á dà sílẹ̀. Tó, tó, tó, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Fọlákẹ́ á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan yìí ń jò."

Èmi á ní, "Kò jò. Òórùn lásán ni."

"Ẹní ti rin."

"Òógùn ni."

Ọdún mẹ́ta la fi wà lẹ́nu ẹ̀. Ó sọ maṣíìnì náà ní Ìyálé. Bó bá pàdé àwọn aládùúgbò lẹ́nu kànga, á ní, "Ìyálé mi tún tọ̀ sílé lánàá." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi á fajú ro. Nígbà tó yá, òun náà kò fi ṣe ẹ̀rín mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Akaka, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Oṣù mẹ́rin kọjá. Ni awakọ̀ kan bá mú iṣẹ́ àna mi wá: kí n wá ní ọjọ́ Sátidé, kí n sì mú ìyálé ọmọ òun dání, kí àwọn àgbà fojú ara wọn wò ó bóyá ó ń jò tàbí kò jò. Bí n kò bá wá, kí n má wá mọ́. Wọn yóò kó ẹrù ìdána mi fún mi padà.

Mo rẹ́rìn-ín lójú awakọ̀ náà. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fẹ́ràn Fọlákẹ́ gan-an ni. Ilé ti dákẹ́ jù fún mi, ọbẹ̀ tí mo ń dá sè kò sì ṣeé fún ajá.

ÌPẸRU

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kí n tó kọjá Ìbàdàn, epo ti ń kán sí bàtà mi, nígbà tí mo sì fi máa dé Ìpẹru ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan tó ń mu sìgá lẹ́bàá ọ̀nà sún kúrò lọ́dọ̀ mi nítorí ire àwa méjèèjì.

Ìyá kan tó ń ta gààrí kí mi pé, "Ará òkè, ẹ kú ìrìn."

Mo bi í pé kí ló fi mọ̀ pé ará òkè ni mí. Mo ti ń retí pé yóò dárúkọ ilà ojú mi.

Ó ní, "Láti ìgbà tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ ti ń kí ènìyàn. Ẹ kí mi, ẹ kí ẹni tó ń ra gààrí, ẹ kí ẹni tó ń sùn. Ó ku ewúrẹ́."

Ó bu gààrí fún mi, ó da omi tútù sí i. Ẹ̀yin ará ilé, gààrí àwọn ènìyàn yìí kan débi pé ojú mi ọ̀tún pa dé fúnra rẹ̀. Mo béèrè ṣúgà. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Ṣúgà kẹ̀? Ṣé ara yín ò yá ni?" Mo ní ara mi yá. Mo mu ún tán. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, mo ti ń fẹ́ràn rẹ̀.

Òun ló sọ fún mi pé kí n má tíì yà sí ọ̀nà Akaka pẹ̀lú nǹkan tó ń jò báyìí. Ó ní kí n dé Ṣàgámù, kí n béèrè Ọ̀gá Rájí mẹkáníìkì. "Bó bá ti fọwọ́ kàn án, kò ní kán mọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má kán an lójú o. Kì í fi ọwọ́ kan nǹkan bọ̀rọ̀."

ṢÀGÁMÙ

Òótọ́ ni. Ọ̀gá Rájí rìn yí alùpùpù mi ká lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ Jímọ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ọkùnrin kékeré ni, ó fi òwú so ẹsẹ̀ awò ojú rẹ̀ mọ́ etí. Lẹ́yìn náà ó fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, èyí tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi síni lára ní ọsibítù.

Ó ní, "Inú abọ́ kabúrétọ̀ ṣókùnkùn. Ẹ ò lè mọ bí epo ṣe ga tó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá so rọ́bà yìí mọ́ ìdí rẹ̀, tí mo gbé ẹnu rẹ̀ sókè báyìí, epo á gòkè nínú rọ́bà títí á fi bá ti inú dọ́gba. Ohun tó wà nínú, rọ́bà á sọ ọ́ síta."

Mo ní ó dára, kó so ó mọ́ ọn.

"Ẹ fara balẹ̀. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú kí n tó so ó. Bí ilẹ̀ bá dagun, tó ga lápá kan ju èkejì lọ, irọ́ ni rọ́bà máa pa."

Ó fà mí lọ síbi àga kan níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n jókòó. Ó wá ki ọwọ́ bọ abẹ́ fìlà, ó yọ obì kan tó wé sínú aṣọ funfun, ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé e kalẹ̀ níwájú mi.

Ẹ̀yin ẹ gbà mí. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé yóò ṣe? Àlejò ni mí, baálé iṣẹ́ gbé obì síwájú mi. Mo ṣí fìlà. Mo mú obì náà, mo ní ẹni tó mú obì wá mú ẹ̀mí wá, mo ṣàdúrà fún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ṣàdúrà fún àwọn sípánà rẹ̀. Ó le púpọ̀. Mo ní bóyá bí obì Ṣàgámù ṣe máa ń le nìyí, mo fi eyín ọ̀gàn là á. Mo fún àwọn oníbàárà méjì tó jókòó níbẹ̀, mo ju èyí tó kù sẹ́nu. Wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ ẹ́ nínú wọn. Wọ́n ń wo Ọ̀gá Rájí.

Ọ̀gá Rájí yọ awò ojú rẹ̀. "Kí lẹ jẹ?"

"Obì tí ẹ gbé fún mi ni."

"Mi ò gbé e fún yín. Mo gbé e sílẹ̀ láti fi wo ilẹ̀ ni. Ibi tó bá yí sí, ibẹ̀ ni ilẹ̀ dagun sí. Ibi tó bá ti dúró jẹ́ẹ́, ibẹ̀ ló tẹ́jú." Ó jókòó sórí táyà kan. "Ọdún méjì ló ti wà lábẹ́ fìlà mi. Kò sí obì tó rí róbótó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú yìí."

Mo tu èyí tó wà lẹ́nu mi sọ́wọ́. Mo bi í bóyá a lè so ó pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà dìde, ó fi awẹ́ tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́ tìtìjú-tìtìjú, ó sì jókòó padà.

Mo bẹ Ọ̀gá Rájí pé kó fojú wo ilẹ̀ nìkan, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ní ojú kì í mọ ilẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀la ni Sátidé, pé bí epo bá kán sílẹ̀ lójú àna mi, ìyàwó mi ti lọ nìyẹn. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Àánú mi ṣe é, mo rí i. Ó ní kí a lọ wá obì mìíràn.

ILÉ ALÓBÌ

Bí a ṣe ti alùpùpù dé ilé Alhaja Rísì nìyẹn. Ìdílé wọn ti ń ṣòwò obì láti ayé bàbá bàbá wọn, wọ́n sì ní yàrá ńlá kan tí wọ́n ń da obì sí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ilẹ̀ rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ àti ewé kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Alhaja kò jẹ́ kí a sọ nǹkan tí a bá wá. Ó béèrè ìlú mi, ó béèrè ìyá mi, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ìkọ́kọrẹ́ ni. Mi ò rí i rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, mo rò pé àsáró tí ẹnì kan gbàgbé sórí iná ni, mo sì ń ro bí màá ṣe jẹ ẹ́ láìfọwọ́ kan imú. Mo tọ́ ọ wò. Ẹja wà nínú rẹ̀, ata wà nínú rẹ̀, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Mo lá àwo náà mọ́ débi pé Alhaja gbé e yẹ̀ wò, ó ní, "Ṣé wolé-wolé lẹ pe ara yín? Ẹ ti fọ àwo fún mi."

Ọ̀gá Rájí wá ro ẹjọ́. Alhaja wò mí láti òkè délẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní kó mú èyí tó bá wù ú. Rájí mú obì kan, ó gbé e sílẹ̀. Kò yí. Ó ní kò rí róbótó tó. Ó mú òmíràn. Kò yí. Ó mú ìkẹta, ìkẹrin, ó fi ìka tì í díẹ̀, ó sún, ó dúró. Ó tú apẹ̀rẹ̀ kan tán, ó tú èkejì. Gbogbo èyí tó bá gbé kalẹ̀ ló ń jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó bá gbé e sí. Òógùn bò ó. Ó ní, "Alhaja, ẹ má bínú, obì ọdún yìí ò dára."

Èmi náà sì ń mi orí. Mo ní, "Kò dára rárá ni."

Alhaja jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ká apá mọ́ra. "Rájí," ó ní, "obì mi ni kò dára ni, àbí ilẹ̀ ilé mi ló tẹ́jú?"

Rájí wo obì. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ti maṣíìnì wọlé."

Àwọn obìnrin tó ń ṣa obì fi ìborùn bo imú, wọ́n fi ewé bo obì. Alhaja ní bí òórùn epo bá wọ inú ọjà òun, àwọn Mọ̀là tó ń rà á máa rò pé inú táńkì lòun ti ká a. A gbé alùpùpù dúró lórí ẹsẹ̀ méjì rẹ̀ ní àárín yàrá. Rájí so rọ́bà, ó ṣí epo, ó gbé ẹnu rọ́bà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó, títí kan Alhaja. Ó gòkè, ó kọjá ojúpọ̀ ibi tí abọ́ ti pàdé ara kabúrétọ̀, ó ṣì ń lọ.

"Ó ga jù," ni Alhaja wí, bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ látilẹ̀ ni.

Rájí ti epo pa, ó tú abọ́ náà. Kiní kan wà nínú rẹ̀ tó ń léfòó lórí epo. Bó bá gòkè tó, ahọ́n irin kékeré kan lára rẹ̀ ló ń ti ọ̀nà epo. Ó tẹ ahọ́n yìí díẹ̀, ó dì í padà, ó so rọ́bà. Ó lọ sílẹ̀ jù. Ó tún un tẹ̀. Ó tún ga. Nígbà tó ṣe é nígbà kẹrin, epo gòkè, ó sì dúró nísàlẹ̀ ojúpọ̀ náà ní ìwọ̀n èékánná kan. A wò ó títí. Kò mira.

"Ó dọ́gba," ni Rájí wí. Wọ́n pe ìrun Jímọ̀, gbogbo wọn jáde, wọ́n fi èmi àti alùpùpù sílẹ̀ láàárín obì. Mo jókòó tì í, inú mi dùn.

Kí n tó lọ, Rájí ní, "Ẹ gbọ́ o. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni mo ṣe é. Mi ò mọ bí ilẹ̀ Akaka ṣe rí." Alhaja náà fi obì kan lé mi lọ́wọ́, ó rí róbótó. Ó ní kí n fún àna mi bí ìyàwó mi bá gbà láti tẹ̀lé mi. "Jíjẹ ni èyí," ó ní. "Mò ń sọ ọ́ kí ẹ má baà ṣì í lò."

AKAKA

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀ Akaka kò tẹ́jú. Ilé àna mi wà lórí ibi tó dagun, àgbàlá rẹ̀ ń sọ̀ lọ sínú oko ẹ̀gẹ́. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ tí mo fi ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gbé alùpùpù náà ró, ó fara ti apá kan bí ẹni tó mutí. Ọwọ́ mi bá lọ síbi táàpù epo lábẹ́ táńkì, ó tì í pa. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín: mo mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Bí epo kò bá wọ inú kabúrétọ̀, kí ni yóò jò?

Mo dọ̀bálẹ̀. Àna mi kọ́kọ́ kọjá mi, ó lọ bá alùpùpù, ó ní, "Ìyálé, ẹ káàbọ̀." Ó wá ní kí n dìde. Èdè Rẹ́mọ wọn tó jinlẹ̀ ló ń sọ, etí méjèèjì ni mo fi ń gbọ́ ọ. Àgbàlagbà méjì ló bá a jókòó, ọ̀kan nínú wọn ti ń tòògbé. Fọlákẹ́ jáde pẹ̀lú àwo tánganran funfun lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Ó gbé àwo náà sábẹ́ kabúrétọ̀, ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

Àna mi ní, "A máa jẹun. Bí a bá jẹun tán tí àwo yìí gbẹ, ọmọ mi ló ń pa irọ́ mọ́ ọ, yóò sì tẹ̀lé ọ lónìí. Bó bá rin, ìwọ lò ń purọ́. Ẹrù rẹ wà nínú ilé, a ti dì í."

Ebìripo ni wọ́n gbé wá, kókò tí wọ́n rin tí wọ́n pọ́n séwé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ó dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ohun tó ń jẹ. Àwo là ń wò. Eṣinṣin kan bà lé e, àwa mẹ́ta tó lajú na ọrùn. Àgbàlagbà tó ń tòògbé ta jí, ó ní, "Ó ti jò?" Wọ́n ní kò tíì jò. Ó padà sùn.

A jẹun tán. Àwo gbẹ.

Àna mi fọwọ́ nu ẹnu. "Fọlákẹ́," ó ní, "o ti dójú tì mí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gba irọ́ rẹ gbọ́."

Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti gbé àwo rẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró síbi táàpù epo. Ọdún mẹ́ta ló fi sùn ti nǹkan yìí, ó mọ ibi tí ẹnu táàpù ń kọjú sí bí wọ́n bá tì í. Ó wò ó. Ó wò mí. Kò sọ ọ́. Ó kàn ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Irú ojú tó máa ń ṣe nínú yàrá wa nígbà tí mo bá ní òógùn ni, irú rẹ̀ ló ṣe.

Ojú tì mí, ẹ̀yin ará. Kò sí ìgbà tí ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dáyé. Mo dìde pẹ̀lú ọbẹ̀ lọ́wọ́, mo lọ síbi alùpùpù, mo ṣí táàpù náà. Mo gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e padà sábẹ́ kabúrétọ̀, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí. Ó pẹ́ díẹ̀.

Tó.

Mo ní, "Bàbá, ó ń jò. Ó ti ń jò láti ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe òógùn. Èmi ni mo ń purọ́."

Tó.

Àgbàlagbà yẹn tún jí. "Ta ló bi í?"

"Kò sẹ́ni tó bi í," ni àna mi wí. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dára. O ti gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹrù rẹ wà nínú ilé."

Mo ní mo gbọ́. Mo dìde láti lọ gbé e. Fọlákẹ́ ló dá mi dúró. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe epo ni mo torí ẹ̀ wá sílé. Mo fẹ́ kó sọ pé ó ń jò ni. Ó ti sọ ọ́." Ó wọlé lọ. Nígbà tó máa jáde, àpótí aṣọ rẹ̀ ló rù, ẹrù ìdána mi ṣì wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n dì í sí.

Mo rántí obì Alhaja. Mo yọ ọ́ nínú àpò, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kalẹ̀ níwájú àna mi, mo sì dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, obì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti ń yí lọ. Ó gba abẹ́ alùpùpù kọjá, ó dorí kọ oko ẹ̀gẹ́. Àna mi, àgbàlagbà méjèèjì, èmi, Fọlákẹ́ pẹ̀lú àpótí lórí, gbogbo wa la sáré tẹ̀lé e. Àna mi ló fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní etí oko. Ó gbé e, ó nù ún sára agbádá, ó là á níbẹ̀, ó sì fún mi ní tèmi.

ILÉ

Alùpùpù náà wà lábẹ́ igi máńgòrò báyìí, ẹ lè lọ wò ó. Olè kò tíì gbé e. Àpótí aṣọ Fọlákẹ́ ló wà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ ìdí máńgòrò náà dagun díẹ̀, mo ti fi obì wò ó, nítorí náà a gbé àwo tánganran yẹn sábẹ́ rẹ̀.

Láràárọ̀, kí n tó jáde wá yẹ àmù yín wò, Fọlákẹ́ á pè mí láti ilé ìdáná pé, "Ṣé ó jò?"

Màá bẹ̀rẹ̀, màá wo inú àwo. Ìgbà mìíràn ó gbẹ, ìgbà mìíràn ó rin. Lónìí, ó rin.

Mo ní, "Ó jò."

Ó ní, "Ẹ fọwọ́, kí ẹ wá jẹun."